Àyẹ̀wò Ló Yẹ Kó Ṣáájú Àtúnṣe: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ẹ̀rọ Ìṣirò Àtijọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè bóyá èdè Yorùbá lè gbé ẹrù ìmọ̀ ẹ̀rọ. Lónìí, n kò ní fi àlàyé gígùn nípa gírámà dáhùn. Iṣẹ́ ọwọ́ kan ni mo fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè náà.

Láti bí oṣù mélòó kan ni mo ti ń to ohun èlò kékeré kan pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tí ó ń tún rédíò ṣe ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níhìn-ín. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ohun èlò náà máa ṣe kò pọ̀: kí ó yẹ ẹ̀rọ ìṣirò àtijọ́ tí ó ti dákú wò, kí ó sì sọ ibi tí àrùn wà. Ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn fi ń dá mi lágara. Àwọn kan ní, kí ló dé tí mo ń ṣe wàhálà lórí ẹ̀rọ tí ó ti gbó nígbà tí tuntun kún ọjà Ìgbọ̀nà àti Orísunbárẹ́ bámúbámú, tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan? Àwọn mìíràn ní, bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe é, kí ló dé tí mo fi jẹ́ kí ó máa sọ Yorùbá?

Èrò mi ni pé ìdáhùn kan náà ni ó wà fún ìbéèrè méjèèjì. Ohun tí ó wọ́n jù lọ nínú iṣẹ́ àtúnṣe nílẹ̀ wa kì í ṣe páàtì. Àyẹ̀wò ni. Àyẹ̀wò ẹnikẹ́ni kò sì lè jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ tí ó ní láti fi sọ ohun tí ó rí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n wọ ilẹ̀ wa láàrin ọdún 1970 sí nǹkan bí ọdún 1985 ni, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé tí àwọn tí ó rìnrìn àjò sì ń kó oríṣiríṣi ẹ̀rọ bọ̀ láti òkè òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ bi wọ́n léèrè nípa owó Údójì, owó oṣù tuntun tí ìjọba àpapọ̀ san pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Bàbá kan tí ó jẹ́ olùkọ́ rí gbé ẹ̀rọ ìṣirò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní owó náà ni òun fi rà á. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn olùkọ́ ìṣirò àti àwọn tí ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ lọ́nà Iléṣà fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. (Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ti ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kí ẹ̀rọ ìṣirò tó dé, orí ni wọ́n sì fi ń mọ gbèsè tí oníkálukú jẹ. Ẹni tí ó bá rò pé wọn yóò gbàgbé kọ́bọ̀ kan, yóò rí wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní ìlóṣòó.) Ojú ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń tan iná pupa tàbí àwọ̀ ewé. Bọ́tìnnì wọn le, ìdí wọn sì wúwo lọ́wọ́.

Ìtàn wọn pẹ̀lú kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1961 ni ilé iṣẹ́ Bell Punch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ANITA jáde, ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì àkọ́kọ́ tí kò lo eyín irin kankan láti fi ṣírò. Ní ọdún 1964, Sharp ti ilẹ̀ Japan gbé CS-10A jáde. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 25, bí ẹni gbé àpò ìrẹsì kékeré kan sórí tábìlì. Ilé iṣẹ́ Japan mìíràn tí ń jẹ́ Busicom ni ó bẹ Intel lọ́wẹ̀ láti ṣe IC fún ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀. Iṣẹ́ ọwẹ̀ yẹn ni ó bí Intel 4004, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1971. Transistor bí 2,300 ni ó wà nínú rẹ̀, òun sì ni baba ńlá gbogbo ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú fóònù tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Hewlett-Packard gbé HP-35 jáde ní ọdún 1972, dọ́là 395 ni wọ́n ń tà á. Ní ọdún 1976, Texas Instruments ta TI-30 ní iye tí kò tó dọ́là 25. Láàrin ọdún mẹ́rin péré, ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan lè rà ti di ohun tí ọmọ ilé ìwé ń fi sínú àpò.

Ẹni tí ó bá ju irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sórí ààtàn, ìtàn ni ó jù nù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn nìkan ni mo rò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ohun tí mo rí lórí pẹpẹ àwọn oníṣẹ́ ni.

Àwọn tí à ń pè ní rẹdiónìkì, ìyẹn àwọn tí ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, ìmọ̀ wọn kì í ṣe ohun à ń fojú tín-ín-rín. Ọ̀gá tí mo ń sọ yìí lè gbọ́ òórùn pánẹ́ẹ̀lì kí ó sì mọ èyí tí ó jó nínú àwọn páàtì rẹ̀. Ó lè fi ìka kan etí kàpásítọ̀ kí ó sọ pé èyí ti wú. Ní ti rédíò, ọgbọ́n yìí tó: ohùn ń wọ ọ̀nà kan, ó ń jáde ní òmíràn, ènìyàn sì lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú títí yóò fi dé ibi tí ohùn ti pòórá. Ẹ̀rọ ìṣirò kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà àrékérekè kan tí àwọn tó ṣe é gbà kí wáyà má baà pọ̀ jù.

Ẹ wo ojú ẹ̀rọ tí ó ní ààyè nọ́ńbà mẹ́jọ. Gbogbo nọ́ńbà náà dà bí ẹni pé wọ́n jọ ń tan lẹ́ẹ̀kan náà. Irọ́ ni ojú ń pa fún wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tàn. IC yóò pe ààyè kìíní, yóò sọ fún un ohun tí yóò fi hàn, yóò pa á, yóò pe ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹjọ, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò yára tó láti rí i. Mítà ọ̀gá pàápàá kò yára tó. Bí ó bá ki ẹnu mítà bọ ẹsẹ̀ IC, ìdáméjọ iná tí ó yẹ ni yóò rí, nítorí pé mítà ń po ìgbà tí iná wà àti ìgbà tí kò sí pọ̀ ni. Yóò wá sọ pé, “IC yìí ti kú.” Yóò yọ ọ́. Yóò wá irú rẹ̀ kiri, kò sì ní rí i, nítorí pé láti bí ogójì ọdún ni a kò ti ṣe irú rẹ̀ mọ́. Yóò wá yọ ti inú ẹ̀rọ mìíràn tí ó dákú bí tàkọ́kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi ṣú, òkú méjì ni yóò wà lórí pẹpẹ níbi tí aláìsàn méjì wà láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ìpata bátìrì lásán ni ó ń ṣe ẹ̀kíní.

Mo ti rí irú èyí ju ìgbà kan lọ, ní Òkè-Fìà àti ní ibòmíràn. N kò dá àwọn oníṣẹ́ lẹ́bi. Ohun tí ojú wọn kò lè rí ni a ní kí wọ́n tún ṣe.

Nítorí náà ni mo ṣe to ohun èlò yìí. Ọpọlọ rẹ̀ ni Raspberry Pi Pico, pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí ó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021 ní dọ́là mẹ́rin. Ẹsẹ̀ 26 ni a lè fi gbọ́ ọ̀rọ̀ tàbí fi sọ̀rọ̀ lára rẹ̀, ó sì lè ka ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní wáyà kan nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí mítà kò lè dán wò. Ìṣòro kan ni pé iná tí ó kọjá fólìtì 3.3 yóò pa á, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ń lo fólìtì mẹ́sàn-án, márùndínlógún, títí dé ọgbọ̀n fún àwọn tí ojú wọn ń tan àwọ̀ ewé. Mo fi rẹsítọ̀ méjì méjì sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti dín iná náà kù kí ó tó wọlé. Láti tẹ bọ́tìnnì láìfi ìka tẹ̀ ẹ́, mo lo optocoupler, páàtì tí iná tíntìntín inú rẹ̀ ń ṣí ọ̀nà fún iná ti apá kejì láìjẹ́ pé wáyà ìhín kan ti ọ̀hún. Inú páńkúrọ́ ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni mo ti yọ púpọ̀ nínú wọn.

Bí ó ti ń bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè ni ó ṣe pàtàkì jù. Ó kọ́kọ́ ń wo bóyá iná ń wọlé, àti bóyá èyí tí ó ń mu kò ju ti aláìsàn lọ. Bí iná bá wọlé, ṣé ọkàn rẹ̀ ń lù? Gbogbo IC ẹ̀rọ ìṣirò ni ó ní ìlù kan tí ó ń jó sí. Bí ìlù bá dákẹ́, ijó tán. Bí ìlù bá ń dún, ṣé ó ń pe àwọn ààyè nọ́ńbà bí ó ti yẹ? Ibí yìí ni àwọn ọmọṣẹ́ ti fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mo ń wá. Mo ti ń wá orúkọ Yorùbá fún pípe àwọn nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yìí. Mo ti kọ oríṣi mẹ́ta sílẹ̀, gbogbo wọn sì gùn bí ọjọ́ àìjẹun. Ọmọṣẹ́ kan, tí kò tíì ṣe fírídọ̀ọ̀mù, wò mí títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ìpè orúkọ ni. Bí tíṣà ṣe ń pe orúkọ wa láàárọ̀ náà ni.” Ìpè orúkọ! Ọ̀rọ̀ tán. Ààyè tí kò bá tan, kò dáhùn ìpè. Bí IC kò bá pè é, ẹjọ́ IC ni. Bí IC bá pè é tí kò dáhùn, ẹjọ́ ààyè náà tàbí wáyà tí ó so wọ́n pọ̀ ni. Gbogbo ọmọṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ló lóye rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, mo sì ti lo ọ̀sán kan gbáko rí láti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun kan náà fún wọn láìyé wọn.

Láti orí ìpè orúkọ, ìyókù ń tọ ara wọn lẹ́yìn. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní igi iná méje, tí ẹ bá wo nọ́ńbà 8 ẹ ó rí méjèèje. Bí igi kan bá sọnù nínú gbogbo ààyè mẹ́jọ, wáyà tí ó ń bọ́ igi náà ni kí a wò, nítorí wáyà kan ni gbogbo wọn jọ ń lò. Bí ó bá sọnù nínú ààyè kan ṣoṣo, inú ààyè náà ni àrùn wà, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan IC rárá. Bákan náà ni ti bọ́tìnnì. Wáyà àwọn bọ́tìnnì máa ń lọ ní ìbú àti ní òòró, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ oríta kan níbi tí ìbú ti pàdé òòró. Bí 7, 8 àti 9 bá jọ kú pọ̀, ọ̀nà ni ó dí. Bí 8 nìkan bá kú, oríta yẹn nìkan ni ìdọ̀tí wà, ẹ̀mú òwú àti ọtí olóró ti tó láti tún un ṣe. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ oríta ti ṣe iṣẹ́ tí àwòrán kan ì bá ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ó ń fún ẹ̀rọ ní iṣẹ́ ìṣirò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni 12345679 tí a fi 8 sọ di púpọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni 98765432: ààyè mẹ́jọ, nọ́ńbà mẹ́jọ tí ìkan kò jọ ìkan. Bí ẹ̀rọ bá gba èyí láìṣìṣe, ó ti fi ọ̀pọ̀ ìlera hàn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe ìṣirò kò fìgbà gbogbo jẹ́ àrùn, ibí yìí sì ni èdè ti tún ràn wá lọ́wọ́. Àwọn HP-35 tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1972 ní àbùkù kan: bí a bá gba lọ́gárídímù àdánidá 2.02, tí a sì dá a padà sí ipò rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò dáhùn pé 2 ni. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ láti ilé iṣẹ́ ni ó kù díẹ̀ káàtó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà mọ̀, ó kọ̀wé sí àwọn oníbàárà rẹ̀ láti bá wọn tún un ṣe. Sinclair Scientific ti ọdún 1974 ńkọ́? Orí IC tí a ṣe fún ìṣirò kékeré, àropọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín, ni wọ́n ti fipá fún gbogbo ìmọ̀ onísáyẹ́ǹsì wọ̀, nínú ààyè tí kò gbà ju àṣẹ 320 lọ. Ken Shirriff tú àṣírí ètò inú IC náà ní ọdún 2013, ó sì fi hàn bí wọ́n ti ṣe é. Ìdáhùn ẹ̀rọ yẹn máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, ọgbọ́n tí wọ́n ta ni ó sì fà á. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa tú ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le koko. Nínú Yorùbá, a ní àrùn, a sì ní àbímọ́. Ohun èlò mi ń lo ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá rí irú HP-35 yẹn, ohun tí ó ń kọ sójú ni: “Àbímọ́ ni, kì í ṣe àrùn. Ẹ má tú u.”

Nígbà tí mo fi èyí han ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní eré ọmọdé ni mo ń ṣe, pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé ìtọ́nisọ́nà, àti pé ọmọṣẹ́ tí ó bá mọ “oríta” kò ní mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé. Èsì mi ni pé n kò yí orúkọ ẹsẹ̀ IC kankan padà. VDD ṣì ń jẹ́ VDD, CLK ṣì ń jẹ́ CLK, nítorí pé bí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú àwòrán iṣẹ́ nìyẹn. N kò sì túmọ̀ bátìrì, pánẹ́ẹ̀lì, tàbí wáyà, nítorí Yorùbá ni wọ́n lẹ́nu gbogbo ènìyàn tí mo mọ̀. Ohun tí mo fi Yorùbá sọ ni ìdí ọ̀rọ̀: kí ló ṣẹlẹ̀, láti ibo, kí ni kí a wò tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ti mọ ìdí, yóò ka orúkọ ní èdè yòówù.

Àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí ní ìwọ̀n tí ó ju tèmi lọ wà nítòsí wa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí dé kíláàsì kẹfà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1984 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń lò dòní. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n ṣe é fún. Rẹdiónìkì kò sí lára àwọn tí wọ́n ń rò.

Ìjọba ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàùsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó di Gẹ̀ẹ́sì padà. Ọdún mẹ́ta péré. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ èdè wa sunkún lọ́jọ́ náà, èmi náà kò dunnú. Síbẹ̀, ohun kan wà tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí ó ń fi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà kankan. Ṣọ́ọ̀bù ni. Mẹkáníìkì, àlùrán, rẹwáyà, rẹdiónìkì: ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ọmọ fi ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, Yorùbá sì ni ọ̀gá fi ń bá a wí, tí ó fi ń yìn ín, tí ó fi ń ṣàlàyé ìdí tí iná kò fi wọlé. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a sọ ní Yorùbá lójoojúmọ́ ní Òkè-Fìà pọ̀ ju èyí tí a kọ sínú ìwé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ọmọṣẹ́ márùn-ún ni ọ̀gá yìí ní nígbà kan. Méjì ni ó kù. Àwọn yòókù ti lọ sídìí fóònù, níbi tí a ti ń pààrọ̀ ojú àti bátìrì láìbéèrè ohun tí ó pa á, tàbí sídìí ọ̀kadà. Bí ọ̀gá bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó fi ń yẹ àrùn wò yóò bá a lọ: ìyàtọ̀ tí ó ń fi sí “ó jó” àti “ó gbẹ”, sí “ó ti bíríìjì” àti “ó ti já”. Ẹni tí ó bá gbọ́ “ó gbẹ” lẹ́nu rẹ̀ mọ̀ pé omi inú kàpásítọ̀ ni ó ti tán, kò ní wá èéfín kiri. Àwọn onímọ̀ èdè wa ń jókòó ní gbọ̀ngàn ìpàdé láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún ohun tí wọ́n ti ń pè lórúkọ nísàlẹ̀ òkè níbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá gbọ́ kí wọ́n tó ṣẹ̀dá.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Ní ọsibítù ni a ti ń ṣe é, nídìí Ifá pẹ̀lú ni a ti ń ṣe é, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Ní ibi méjèèjì, ìbéèrè ni ó ń ṣáájú. Babaláwo tí ó bá ka ẹbọ kalẹ̀ kí ó tó dífá, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó gbé ayọ́n sí IC kí ó tó mọ̀ bóyá iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ti iná, kí n má gbàgbé: Òṣogbo yìí ni wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà, síbẹ̀ ẹ̀rọ tí iná tí ó lọ tí ó sì dé lójijì bà jẹ́ kò dín lọ́dọ̀ wa. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ìṣirò tí ń lo ṣájà ni ó tibẹ̀ kú. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní HP-25 tàbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé, ẹ má ṣe ki ṣájà bọ̀ ọ́ nígbà tí bátìrì kò sí nínú rẹ̀. Bátìrì ni ó ń mú iná náà dúró níwọ̀n. Bí kò bá sí, iná ṣájà lè ba àwọn IC inú rẹ̀ jẹ́.

Ohun èlò náà kò tíì parí. Ó ń yẹ àwọn ẹ̀rọ tí ojú wọn ń tan iná pupa àti àwọ̀ ewé wò dáadáa. Àwọn tí ojú wọn kì í tan iná, tí nọ́ńbà wọn dúdú lórí eérú, kò tíì mọ èdè wọn, nítorí iná tí ń yí síwá sẹ́yìn ni IC fi ń bá ojú wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí ó kàn nìyẹn. Àwọn ọmọṣẹ́ méjèèjì ti ń kọ àwọn gbólóhùn tí ó ń hàn lójú rẹ̀ fúnra wọn báyìí, mo sì ti pa díẹ̀ nínú tèmi rẹ́ nítorí pé tiwọn kúrú, ó sì yéni jù. Níbi tí mo kọ “Iná tí ó ń wọlé kò tó èyí tí IC nílò láti ṣiṣẹ́,” wọ́n kọ “Ebi ń pa IC.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a kò tíì fẹnu kò lé lórí. Nígbà tí bátìrì bá jò sórí pánẹ́ẹ̀lì, ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé kan máa ń hù sára bàbà rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ìpata ni ọ̀gá ń pè é, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ kan tí ó wá láti Iléṣà kò gbà, ó ní ìpata jẹ́ ti irin, pé èyí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ ní oníṣẹ́ ọwọ́ ládùúgbò, ní Èkìtì, ní Ẹ̀gbá, ní Kétu tàbí níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ yà lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.